Ẹkún Tí Wọ́n Fi Sí Ọjọ́ Àìkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé wa ní Lálúpọn. Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájà Sàdíátù, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá tó bí wa jáde láyé, tí mo fi ń pè yín ní Ìyá mi títí di òní, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ìlú Wínípẹ́ẹ̀gì ní Kánádà. Mo kí ẹ̀yin àgbà ilé lọ́kùnrin. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Mo kí ẹ̀yin ọmọ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín. Gbogbo yín ni mo kọ ìwé yìí sí, mo sì ti bẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀, tí èmi nìkan kò mọ̀, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo nìkan gbọ́ èsì rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, oorun kì í kùn mí bọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ohun tó ń lé e lọ pọ̀. Bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Bóyá ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tó ń kùn nísàlẹ̀ ilé bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, kò ní gbiná lọ́jọ́ kan. Bóyá ọmọ kékeré kò tún ní sọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nù. Bóyá Múínà ọmọ mi kọ orúkọ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù ìdánwò gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Bóyá yóò yege. Bóyá ewúrẹ́ mi tó lóyún ti bímọ, bóyá ẹ sì rántí so ó kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí a sá. Bóyá ẹsẹ̀ Ràbíátù ìyàwó mi ṣì ń wú. Ti ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo fi ń parí. Ní báyìí, mo ti lè yọ ọ́ kúrò nínú wọn. Ẹsẹ̀ Ràbíátù kò wú mọ́. Ó ti kú. Ẹ ti sin ín, ẹ ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹta, ẹ ti ṣe ti ọjọ́ kẹjọ, ẹ ti ṣe sàárà, ẹ ti fọ abọ́. Ẹ kò sọ fún mi.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Múínà nìkan ni ọmọ tí èmi àti Ràbíátù bí tó yè. Ó gboyè kan ní yunifásítì ẹ̀bá Ajíbọ́dẹ̀ kí ó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá síbí. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù la orílẹ̀-èdè yìí kọjá, ó sì lè pẹ́ kí ó tó wọlé wá sùn. Múínà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ méjì ló bí, èyí àgbà ti ń lọ ilé-ìwé, èyí kékeré ṣì ń fi ṣòkòtò mi nu imú. Ó wu Múínà láti di lọ́yà. Níbí, ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò kan tó le bí ojú ẹja, ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pè mí kí n wá máa wo ọmọ, kí òun lè máa kàwé. Mo kọ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ìyàwó mi ń wú. Ràbíátù ló ní kí n lọ. Ó bi mí pé ṣé èmi ni òróró tí wọ́n fi ń pa á ni, kí n máa lọ jàre, kí n lọ dáwọ́ ti ọmọ òun.

Mo wá. Ẹ ti gbọ́ nípa òtútù ibí, ẹ rò pé bí ọyẹ́ ni. Kì í ṣe bí ọyẹ́. Ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí ènìyàn jáde lọ yá oòrùn. Níbí, oòrùn á ràn, á mọ́lẹ̀ kedere, kò sì ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láràárọ̀ mo máa ń wọ aṣọ lé aṣọ fún ọmọ kékeré, ìgbà tí mo bá dé bọ́tìnnì tó kẹ́yìn ni yóò sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Bí mo bá mú èyí àgbà dé ilé-ìwé tán, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi títí di ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀. Ó wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí mò ń kí. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ni mò ń jókòó sí, mo ń wo yìnyín, mo ń dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Lálúpọn tí Ràbíátù yóò ti kúrò nídìí agbada gàrí tó ń yan tà, kí n lè pè é.

Èmi ni mo fa àtẹ ìwé kíkà fún Múínà. Kò sí ààyè fún un láti lọ jókòó ní kíláàsì, òun nìkan ni yóò kọ́ ara rẹ̀, nítorí náà ó nílò táìmù-tébù tí kò ní yẹ̀. Akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ilé ìkẹ́rù àwọn àgbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì, mo mọ ìlà fà. Èyí tí mo kọ́kọ́ fà dára lójú, kò dára fún nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ló ní iṣẹ́ tuntun. Nígbà tó bá fi di Sátidé, ti Mọ́ńdé ti fò lọ. Mo ṣe àròyé rẹ̀ fún Ràbíátù lórí fóònù. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń yan án lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní ẹni tó bá mu gàrí bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni yóò ti sọ bó ṣe dùn tó.

Mo ya ìwé náà, mo fa òmíràn. Ọjọ́ kìíní ni a pè ní ọjọ́ bíbó: kí Múínà mú ìbéèrè irú tuntun, kí ó bó o, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó má wo aago. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ òkúta: kí ó di ohun tó kọ́ náà sínú àpò, kí ó gbé òkúta lé e, kí ó má tún yọjú wò ó, kí omi rẹ̀ máa ro dànù fúnra rẹ̀, nígbà tí òun ń ka nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ asẹ́: gbogbo èyí tó gbà ni kí ó jọ̀ dànù sísàlẹ̀, kí ó ṣa àwọn èyí tó kùnà, kí ó sì kọ ìdí tó fi kùnà wọn. Ọjọ́ agbada ló kẹ́yìn: kí ó yí aago, kí ó jókòó bí ẹni tó wà nídìí iná, kí ó má dìde títí àkókò yóò fi pé. Mo bi Ràbíátù pé báwo ni kó ṣe pẹ́ tó lábẹ́ òkúta. Ó ní kí a má jẹ́ kí ó kan jù, a kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú. Múínà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ká ní ìyá òun lọ ilé-ìwé ni, ta ni ì bá ríran wo òun. A lẹ àtẹ náà mọ́ ara fíríìjì. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

Ìdánwò náà kò ní òfin kankan nínú. Ọ̀rọ̀ ni. Wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ, wọn yóò sì béèrè pé kí ni onítọ̀hún kò sọ tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé rẹ̀ dúró lé. Bí Múínà bá ń se oúnjẹ, èmi ni mo ń ka ìbéèrè sí i létí. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ̀rọ̀, n óò máa wá ibi tó jẹ, bí ẹni tó ń wá ihò lára àpò. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiyín ni ó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, n kò rí Ràbíátù bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi, ẹ sọ fún mi pé fóònù rẹ̀ bọ́ sómi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ ní ó sùn sí abà. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, ẹ ní ó ti sùn, òògùn ẹsẹ̀ ń kùn ún. Mo bínú, mo dààmú, mo sọ fún yín pé ọkàn mi kò balẹ̀. Ni ohùn tó gbà sílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù mi láti orí fóònù tiyín. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ní kí n fi nǹkan bo àyà, kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sùn láìjẹun. Mo dá a lóhùn, mo bi í ní ìbéèrè. Nígbà tí ohùn rẹ̀ tún dé, kò dáhùn ohun tí mo bi í, ó tún kí mi kú iṣẹ́. Mo ní ó ti ń darúgbó.

Ní ọjọ́ kan, mo gbọ́ òjò lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Òjò ńlá lórí páànù, tó jẹ́ pé Ràbíátù ń pariwo kí ohùn rẹ̀ tó ṣeé gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ sọ fún mi pé òjò ti dá, ilẹ̀ ti le, ẹ̀gẹ́ ń kán mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ bí wọ́n bá fà á. Mo gbé e lọ bá Múínà bí ìbéèrè ìdánwò. Mo ní ẹnì kan ní òjò ń rọ̀, ẹnì kan ní kò rọ̀, ìlú kan náà ni wọ́n wà, ibo ni ọ̀rọ̀ ti jẹ. Kò gbójú sókè. Ó ní ẹni tó bi ìbéèrè ló rò pé òjò kan náà ló ń kárí ìlú, pé òjò lè rọ̀ lápá ibùdó rélùwéè kí ó má dé oko wa. Ó ní kí n ka èyí tó kàn. Inú mi dùn. Mo sọ fún un pé ó ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ṣáájú ọjọ́ òjò yẹn ni ọjọ́ agbada kan wà tí Múínà ṣe àṣetì. Ó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó jókòó, mo yí aago fún un. Nígbà tí a fi máa ka èsì rẹ̀, ó burú ju ti ọjọ́ tí kò tíì mọ nǹkan kan lọ. Mo bá a wí. Ẹ mọ bí mo ṣe ń wí bí ẹ̀rù bá ń bà mí. Mo ní ìyá rẹ̀ wà nínú èéfín lórí ẹsẹ̀ wíwú nítorí rẹ̀, òun jókòó síbí ó ń fi ìwé ṣeré. Mo ní bí mo bá rí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, n óò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fi ẹjọ́ òun sùn ún. Ó yí aago náà fúnra rẹ̀, ó mú òmíràn ṣe, èyí sì dára. Ọjọ́ náà ni ẹ sin ìyá rẹ̀. Òun mọ̀. Èmi ni n kò mọ̀.

Ẹni tó wá tú u fún mi kì í ṣe ará ilé. Àlàájì Sani ni, ẹni tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ Ràbíátù ní ọjà Ṣáṣá láti ìgbà tí Múínà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ mọ bó ṣe ń sọ Yorùbá, bí ẹni tó ń ju òkúta kọ̀ọ̀kan. Ó ní Kánò ni òun wà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni òun gbọ́. Ó ní kí Ọlọ́run forí jì í, kí ó fẹ ibojì rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, kò fi gàrí tútù sísàlẹ̀ àpò kí ó fi èyí tó gbẹ bò ó lójú rí, pé obìnrin bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọjà mọ́. Ó wá béèrè pé ṣé mo ti tún padà sí Kánádà lẹ́yìn ìsìnkú ni, nítorí òun yà sílé láti wá bá mi kẹ́dùn, òun kò bá mi.

Ẹ kìlọ̀ fún ilé, ẹ kìlọ̀ fún àdúgbò, ẹ kìlọ̀ fún mọ́ṣáláṣí. Ẹ kò rántí kìlọ̀ fún oníbàárà. Ọmọ kékeré wà lórí ẹsẹ̀ mi, ó ń jẹ bísíkíìtì. Ó fẹ́ràn bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní kí n tún un ṣe kí òun gbọ́. Mo tún un ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni Múínà. Mo ní kò gbọ́dọ̀ gbọ́ títí yóò fi ṣe ìdánwò tán. Mo ti ń ro irú ojú tí n óò fi máa wò ó, irú irọ́ tí n óò máa pa bí ó bá ní òun fẹ́ kí ìyá òun. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́ ohùn mi, mo pè yín. Ìyá mi, ẹ kò kí mi kú àdánù. Ẹ bi mí pé ta ló sọ fún mi. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ẹ ṣépè fún ọkùnrin náà àti àpò gàrí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá sọ pé kí n má bínú sí yín, ẹ̀yin kọ́, Múínà ni. Ẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ló ti gbọ́. Òun ló bẹ̀ yín. Ó ní bí bàbá òun bá gbọ́, yóò jókòó sílẹ̀, kò ní lè gbé ọmọ mọ́, tàbí kí ó kẹ́rù kí ó máa lọ, ìdánwò òun yóò sì bá a lọ. Àwọn ohùn náà, òun ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí yín. Èyí tí ìyá rẹ̀ ti sọ sí i tẹ́lẹ̀ ni, nígbà òjò, tó tọ́jú. Ẹ wá ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ní ẹ gbé ẹrù kúrò lórí mi. Ẹ tún ní kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí di Sátidé, kí ọkàn ọmọ náà má bàa dàrú.

N kò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo lọ bá a nídìí tábìlì, ó mú bírò aláwọ̀ ìyeyè tó fi ń kun ọ̀rọ̀ dání. Kò jiyàn. Ó rọra dé ìdérí bírò náà. Ó ní Sátidé ni ìdánwò, òun ti fi ẹkún sí ọjọ́ Àìkú. Ó na ọwọ́ sí fíríìjì. Lóòótọ́, mo ti rí i pé ó fi ọjọ́ Àìkú yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, mo rò pé ìsinmi ni. Ó ní kí n má rò pé kò dun òun, pé òun gbé òkúta lé e ni. Ó ní ìyá òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìyá òun kò ní fi gàrí sílẹ̀ lórí iná nítorí òkú kankan. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ àbúrò Ràbíátù fún un, ó yan èyí tó wà nínú agbada tán kí ó tó ké. Nítorí pé òótọ́ ni ni n kò fi gbá a létí.

Ọjọ́ Àìkú kan náà yẹn ni ogójì ọjọ́ Ràbíátù. Mo bi Múínà bóyá ó mọ̀. Ó mọ̀. Ó ní ẹ óò tan fídíò, kí n jókòó kí n máa wò ó, pé òun ti bẹ̀ yín kí ẹ sún un síwájú díẹ̀ kí ilẹ̀ ibí lè mọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń tọrọ, kí n bá òun di ọmọ mú títí òun yóò fi jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Sátidé. Ẹni tó bá gbéra níbí lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú kò lè bá a ní Lálúpọn. Òun náà mọ̀.

Láti ìgbà náà ni fóònù mi kò ti sinmi. Ẹ kò pè mí báyìí nígbà tó kú. Ẹ̀yin Ìyá mi ní bí mo bá ba ìdánwò náà jẹ́, èmi ló pa Ràbíátù lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé bi mí pé kí ni mo fẹ́ wá ṣe, ṣé èmi ni n óò jí i ni. Òmíràn ní iyanrìn lásán ni mo fẹ́ wá wò, kí n dúró níbi tí iná mànàmáná kì í lọ, kí n gbádùn ara mi. Ìyàwó ilé kan tí n kò ní dárúkọ rán mi létí pé mo ti máa ń sunkún púpọ̀ jù láti kékeré. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi inú kan ṣe é, ẹ kò já ara yín jù sílẹ̀.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀rọ̀ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìdánwò. Ẹ ní nítorí mi ni ẹ fi pa á mọ́. Kí ni ẹ kò sọ, tí gbólóhùn yẹn dúró lé lórí? Ohun tí ẹ kò sọ ni pé agbára tó kù lára mi, ọmọ gbígbé nìkan ló wà fún, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Ẹ tún ní ìdánwò kò lè dúró, òkú lè dúró. Mo béèrè lọ́wọ́ Múínà bóyá wọn yóò tún ṣe ìdánwò náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ fún un, àyè ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fọkàn sí lè ti kún. Mo ní ṣé ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀ yóò tún wáyé ní oṣù kìíní. Mo rí i bó ṣe ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ mi jẹ, ojú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. Kò rí i. Ó wá bínú, ó ní kí n jáde.

Ẹ má rò pé n kò wá ẹni tí yóò bá a di ọmọ mú. Mo bẹ obìnrin ará Fílípíìnì tó wà ní ilé kejì, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo bẹ ìyàwó ọkùnrin ará Ìlọrin tí a jọ ń kírun Jímọ̀, òun náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ Múínà wà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn òkè níbi tí yìnyín ti dí ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni. N kò ní parọ́ fún yín bí ẹ ṣe pa á fún mi: bí mo bá lọ, Múínà kò ní jókòó sí ìdánwò náà. Mo mọ̀. Ó ti ń gba oorun lójú mi, ó sì ti wà níwájú gbogbo àwọn yòókù, ó kọjá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kọjá ti ẹ̀rọ tó ń kùn. Síbẹ̀ ọkùnrin ará Ìlọrin yẹn ti bá mi yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ mi padà, n kò sì ní tún un yí.

Mo tú àtẹ náà kúrò lára fíríìjì. Mo mú rúlà, mo fa òmíràn fún un títí dé oṣù kìíní: ọjọ́ bíbó, ọjọ́ òkúta, ọjọ́ asẹ́, ọjọ́ agbada, kò sí èyí tó yẹ̀. N kò jẹ́ kí ó kan jù. Mo gbé ẹkún rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ Àìkú, mo fi í sí ọjọ́ tí èmi ń lọ, mo sì fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ó rí i nígbà tó fẹ́ mú wàrà ọmọ. Kò yọ ọ́. Kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó máa ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, yóò bò ó, yóò sì wọ yàrá lọ.

Ìyá mi, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúà ogójì ọjọ́ kí n tó dé. Ẹ má ṣe ta asẹ́ rẹ̀ tàbí agbada rẹ̀, bí ẹ bá sì ti tà á, ẹ lọ rà á padà. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ rí i, kí ó sọ fún mi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ẹ má sunkún pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti sun tiyín, mo fẹ́ sun tèmi láìsí ẹni tí yóò gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ọlọ́run Ọba kí ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn òkú kí yín kú iṣẹ́. Kí ó ṣàánú Múínà, kí ó fún un ní ohun tó ń wá, kí ó sì fún un ní ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ tí ó bá darúgbó. Ẹ bá mi kí Àlàájì Sani ní Ṣáṣá ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ẹ kí lémọ́mù. Ẹ kí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ kí ewúrẹ́ mi.

Èmi ọmọ yín tí ẹ pọ̀n, Mùfútáù, yóò gbéra níbí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù kọkànlá, tí ìdánwò ku ọ̀la.